Ọkọ̀ gbalasa akẹ́rù: báwo ni ìrísí rẹ̀ á ṣe sọ iṣẹ́ tó ń ṣe?

Ayàwòrán_Ìsánlú

Okun o, gbogbo ilé. Ìtàn aláwòrán tí à ń yà lọ́wọ́ ní Ìsánlú níbí ti dé ibi tí ọkọ̀ gbalasa òfuurufú ńlá kan ti fẹ́ wọlé. Iṣẹ́ ọkọ̀ yìí ni kó máa kó ẹrù láti ibùdó tó ń yí ayé po lọ sí ibùdó tó ń yí òṣùpá po. Ẹrù náà tó tọ́ọ̀nù 100 lẹ́ẹ̀kan. Ó lè jẹ́ omi, ó sì lè jẹ́ irin. Tí epo àti ẹrù bá kún un, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ tọ́ọ̀nù 400. Èèyàn mẹ́rin ló ń wà á.

Àwòrán àkọ́kọ́ ní imú ṣóńṣó, ìyẹ́ méjì, fèrèsé gbàgàdà méjìlá, àwọ̀ eérú látòkè délẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń pè é ní ọkọ̀ ogun. Kí ni kí á yọ, kí ni kí á fi kún un, tí ẹni tó kọ́kọ́ fojú kàn án á fi mọ̀ pé akẹ́rù ni, àti pé ẹrù tó gbé kì í ṣe kékeré?

Ẹ̀rọ_Kàbà

Ẹ kọ́kọ́ yọ imú àti ìyẹ́ dànù. Ọkọ̀ tí kò ní wọ inú afẹ́fẹ́ ayé láéláé kò ní ohun tó máa fi imú ṣóńṣó là. Ẹ wo ọkọ̀ Apollo tó ń sọ̀kalẹ̀ sórí òṣùpá láàárín 1969 sí 1972. Tọ́ọ̀nù bíi 15 ni, ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, kò sí afẹ́fẹ́ tó ní kó dán. Àwọn tó kàn án tilẹ̀ yọ àga kúrò nínú rẹ̀ kí awakọ̀ lè dúró sún mọ́ fèrèsé, kí fèrèsé náà lè kéré, kí ìwúwo lè dín. Fèrèsé onígun mẹ́ta kékeré méjì ló kù níwájú. Torí náà, méjìlá yín yẹn, ẹ jẹ́ kó di méjì.

Ìṣirò ló kàn kí ẹ tó gbé pẹ́ńsù. Láti ìyípo ayé dé ìyípo òṣùpá, eré ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ yí padà tó kìlómítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ́ńjìnnì tó ń jó háídírójìn olómi pẹ̀lú ọ́síjìn olómi, irú RL10 tó ti ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì Centaur láti 1963, ń tu iná jáde ní nǹkan bíi kìlómítà 4.4 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí a bá fi ìlànà Tsiolkovsky, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò epo rọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ̀n ọ́n, ìwúwo ọkọ̀ nígbà tó kún á jẹ́ ìlọ́po 2.48 ti ìgbà tí epo tán. Nínú tọ́ọ̀nù 400 yín, epo á kó 239. Ó ku 161. Ẹrù kó 100 nínú ìyẹn, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wá jẹ́ 61 péré. Epo tó máa gbé e padà wálé, ibùdó òṣùpá ni kó ti rà á. Ẹ fi ẹnu ìgbepo sí ara rẹ̀ níbi tó hàn.

Ibi tí ojú ti máa ń tan ayàwòrán rèé. Bí a bá po epo yẹn ní 6 sí 1, ọ́síjìn á jẹ́ tọ́ọ̀nù 205, háídírójìn á jẹ́ 34. Ṣùgbọ́n háídírójìn olómi fúyẹ́ kọjá sísọ: kìlógíráàmù 71 ló wà nínú mítà kúbíkì kan. Tọ́ọ̀nù 34 yẹn á gba mítà kúbíkì 480, ìyẹn táǹkì roboto tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 9.7. Ọ́síjìn tó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́fà kò ní gbà ju 180 lọ, táǹkì mítà 7. Omi tọ́ọ̀nù 100 ńkọ́? Táǹkì mítà 5.8. Irin tọ́ọ̀nù 100 kò ju àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 2.3 lọ. Ẹrù tí a torí rẹ̀ kan ọkọ̀ ló kéré jù lójú, èyí tó fúyẹ́ jù nínú epo ló wá tóbi jù. Tí ẹ bá kàn sọ ohun gbogbo di gbẹ̀ǹdẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ kó wúwo, irọ́ lẹ ń pa.

Tírélà_Ọbájáná

Ẹ̀gbọ́n Kàbà ti fọ̀rọ̀ dé ojú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró sí etí títì Ọbájáná sí Kàbà kò nílò kó ka ohun tí wọ́n kọ sára tírélà kó tó mọ ohun tó gbé. Èyí tó gbé sìmẹ́ǹtì tí kò sí nínú àpò, ikùn rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ bí àrọ ní ibi méjì tàbí mẹ́ta, torí ìyẹ̀fun gbọ́dọ̀ ṣàn wá sí ẹnu páìpù kí atẹ́gùn tó fẹ́ ẹ jáde. Táńkà dísẹ́ẹ̀lì gùn gbọọrọ, ìdí rẹ̀ kò rọ̀. Èyí tó gbé sìmẹ́ǹtì àpò tẹ́ pẹrẹsẹ, okùn àti tapólì lorí. Lobẹ́ẹ̀dì ní tirẹ̀, ó sún mọ́ ilẹ̀, taya rẹ̀ ò lóǹkà. Ẹ ka taya, ẹ ti mọ ìwúwo.

Ohun mẹ́ta ló ń sọ iṣẹ́ ọkọ̀ ẹrù: ibi tí ẹrù ń gbà wọlé, ibi tó ń gbà jáde, àti ohun tó gbé e ró. Ẹ má ṣe fi ẹrù pamọ́ sínú ara ọkọ̀. Gbalasa kò ní òjò, kò sì ní atẹ́gùn tó máa tú tapólì. Ẹ so ó síta. Bí ó bá jẹ́ omi, ẹ ya páìpù ìgbomi pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ àti fáàfù méjì, torí kò sẹ́ni tó ń gbẹ́kẹ̀ lé fáàfù kan. Bí ó bá jẹ́ irin, ẹ ya àwọn èèkánná tó dì í mú, kí wọ́n ṣeé kà. Kí ẹ sì fi ààyè òfìfo sílẹ̀ tí èèkánná ti ṣí tí kò mú nǹkan kan. Ààyè òfìfo yẹn ló ń sọ pé ọkọ̀ yìí ń lọ, ó ń bọ̀.

Ẹ̀rọ_Kàbà

Mo fara mọ́ ọn, àfi kí ẹ má ya ẹsẹ̀ èèkánná bí òpó afárá. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló wà nídìí rẹ̀, kọ̀ọ̀kan ń ti 100 kN (kìlónútìnì, ìwọ̀n agbára títì; 1 kN jẹ́ 1,000 N). Nígbà tí ọkọ̀ kún, á máa yára ní mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá lórí ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tí epo ti fẹ́ tán, ó di 2.5. Níbi tó le jù yẹn, ẹrù tọ́ọ̀nù 100 á fi 250 kN tẹ ohun tó gbé e. Lórí ilẹ̀ ayé níbí, ohun tó tó tọ́ọ̀nù 25 ló ń tẹ nǹkan bẹ́ẹ̀. Èèkánná mẹ́jọ ni ẹ ó fi sí i, bíi tọ́ọ̀nù 3 á kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi kún un nítorí ìjàǹbá àti nítorí bí ọkọ̀ á ṣe máa rọra gbá ibùdó nígbà tó bá fẹ́ so mọ́ ọn. Ọ̀pá tó nípọn bí apá èèyàn, tí a fi àwọn mìíràn dábùú rẹ̀ ní àgbélébùú, ti tó. Ohun tí kì í jẹ́ kí ó dà bí ohun ẹlẹgẹ́ ni ìdábùú yẹn, kì í ṣe sísanra.

Akọni_Mọpà

Ẹ jọ̀ọ́, òǹkàwé ò ní gbé kaṣikulétọ̀ dání. Ẹni tó ń ṣí fóònù nínú ọkọ̀ èrò ní ìṣẹ́jú àáyá méjì láti mọ ohun tó ń wò. Lójú tèmi, wíwúwo ni dúdú, nínípọn, ìsàlẹ̀ tó fẹ̀ ju òkè lọ. Ọkọ̀ tí ẹ̀ ń júwe yìí, egungun àti bọ́ọ̀lù lásán ni. Ta ló máa bẹ̀rù rẹ̀?

Ẹ̀rọ_Kàbà

Àbúrò, akẹ́rù ni wọ́n ní kí á yà, wọn ò ní kó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Bọ́ọ̀lù tí o rí yẹn náà nídìí: nínú gbogbo ìrísí, roboto ló ń fi awọ irin tó kéré jù lọ gba ohun olómi tó pọ̀ jù. Àwọ̀ dúdú ńkọ́? Háídírójìn gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi 20 K (kẹ́lífíìnì, ìwọ̀n ooru àti òtútù), ọ́síjìn ní 90 K, òtútù tó le gan-an. Oòrùn ń da 1,361 wáàtì lu mítà onígun kọ̀ọ̀kan nítòsí ayé. Kun táǹkì yẹn ní dúdú, kí o wá wo bí epo á ṣe máa hó dànù fún ọjọ́ mẹ́ta tó fi máa dé òṣùpá. Bébà fàdákà tó ń dán, tí wọ́n tò ní ìpele ìpele, ló yẹ lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n o sọ òótọ́ kan: òjìji ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ kun gbogbo àwòrán yín ní dúdú biribiri, ẹ sọ ọ́ di kékeré bí èékánná àtàǹpàkò, kí ẹ wò ó. Bí ẹ kò bá lè tọ́ka sí ibi tí ẹrù wà, àwòrán náà kò tíì jóòótọ́, bó ti wù kí ìṣirò rẹ̀ pé tó.

3D_Ẹ̀gbẹ̀

Wíwúwo nínú gbalasa, ìrìn ló ń fi hàn ju ara lọ. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà gùn ní mítà 50, kí ẹ̀rọ ìyídarí kékeré kan wà ní orí, ọ̀kan ní ìdí, kọ̀ọ̀kan ń ti 400 N. Bí ọkọ̀ bá kún tó tọ́ọ̀nù 400, tó sì fẹ́ yí ojú padà ní ìdá mẹ́rin òbìrípo, ìdajì àkókò á lọ sí kó bẹ̀rẹ̀ sí yí, ìdajì á lọ sí kó dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ á tó ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 42. Ọkọ̀ kan náà, tí ẹrù àti epo bá tán tó ku tọ́ọ̀nù 61, á ṣe é ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ ya ìyàtọ̀ yẹn nínú ìtàn: lílọ, páńẹ́ẹ̀lì (àpótí àwòrán) mẹ́rin fún yíyí kan ṣoṣo, bíbọ̀, ọ̀kan péré. Òǹkàwé á mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ ìyídarí yẹn sáàárín ọkọ̀ bí mo ṣe rí i nínú àwòrán àkọ́kọ́. Bí ó bá jìnnà sí àárín ní mítà 8 dípò 25, yíyí kan náà á gbà tó ìṣẹ́jú 4 àti àáyá 46, epo á sì run lórí asán. Ìkángun méjèèjì ni àyè rẹ̀.

Ní ti títóbi, gbalasa kò ní kùrukùru tó máa sọ pé ohun kan jìnnà. Ohun tí ojú mọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ìsopọ̀ àwọn ọkọ̀ òde òní ní àlàfo milímítà 800 tí èèyàn ń gbà kọjá. Ẹ ya á bẹ́ẹ̀ gan-an, gbogbo ìyókù á tóbi fúnra wọn. Ọ̀pá ìdìmú tí ọwọ́ lè dì mú, ẹ tò ó láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ẹrù, torí ẹnìkan gbọ́dọ̀ lè lọ tú èèkánná tó bá há. Fún ẹ̀yin tó ń lo Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán 3D: Angle ti Sun, 0.53 digíríì, òjìji á mú ṣáṣá. Ẹ pa Depth of Field (èyí tó ń mú kí ẹ̀yìn àwòrán ṣú), torí tí ẹ̀yìn bá ti ń ṣú bàìbàì, ọkọ̀ mítà 50 á di ohun ìṣeré ọmọdé lójú ẹni. World, ìyẹn ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn, dúdú. Ìmọ́lẹ̀ kejì tó yẹ kó wà ni èyí tó ń tàn wá láti ara ayé tàbí òṣùpá, kó sì wá láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Aláṣọ_Ògìdì

Ẹ kú iṣẹ́. Mo rí i pé ẹ kò tíì bọ́ sórí àwọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ló máa bá ìrísí parí iṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí pé ọ̀dà náà wúwo. Táǹkì ńlá tí Space Shuttle, ọkọ̀ gbalasa Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ títí di 2011, máa ń gbé, funfun ni wọ́n kùn ún fún ìrìnàjò méjì àkọ́kọ́ ní 1981. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn tí fóòmù ara rẹ̀ ní, nǹkan bíi kìlógíráàmù 270 sì dín. Ẹ kun kìkì ibi tí ọ̀dà bá ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí rọ́kẹ́ẹ̀tì Saturn V tó gbé àwọn Apollo lọ sí òṣùpá: funfun àti dúdú tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, ó wà kí kámẹ́rà lè rí i bí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà bá ń yí lórí ara rẹ̀ nígbà tó ń gòkè. Ẹ fi irú rẹ̀ yí ẹnu ìsopọ̀ po, kí awakọ̀ ibùdó lè mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń bọ̀ gún régé tàbí ó ń yí.

Fún ẹrù, àwọ̀ kan tí kò sí níbòmíràn lára ọkọ̀. Tí fàdákà bá gba ibi táǹkì epo, tí funfun gba rédíétọ̀ (pátákó tó ń tú ooru ọkọ̀ dànù), ẹ fún férémù ẹrù ní òféèfèé bí inú ìbẹ́pẹ. Ojú á lọ síbẹ̀ tààrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù ló kéré jù.

Pupa ńkọ́? Ẹ rọra. Àwọn òǹkàwé yín láti Bùnú mọ aṣọ ìpò, aṣọ pupa ni, wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n ń nà án jáde: òkú ìjòyè, òkú ẹni ńlá. Bí ẹ bá fi pupa bo ọkọ̀ látorí dé ìdí, wọ́n á máa wá ẹni tó kú nínú ìtàn yín. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lára fáàfù àti èèkánná tó lè gé ọwọ́, ìyẹn tọ́.

Ìwọ̀n ìlà náà ṣe pàtàkì. Bí ọkọ̀ mítà 50 bá gba pixel (àmì ìmọ́lẹ̀ tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) 500 lójú fóònù, pixel kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Ìlà tó bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 30 á fọ́ tàbí kó pòórá. Mítà kan sókè ni kí àmì tó ṣe kókó jẹ́.

Ọmọ_Ìyàrá

Ṣé rìákítọ̀ núkílíà, ẹ̀rọ tó ń rí agbára láti inú átọ́ọ̀mù, kò ní mú un dà bí alágbára ju báyìí lọ? 

Ẹ̀rọ_Kàbà

Tí ẹ bá fi rìákítọ̀ sí i, ọkọ̀ mìíràn lẹ ń yà nìyẹn. Á gùn gbọọrọ kí èèyàn lè jìnnà sí ìtànṣán rẹ̀ tó léwu: bí ẹ bá sọ àlàfo di ìlọ́po méjì, ìtànṣán á dín sí ìdá mẹ́rin. Asà kékeré kan tó ń dí ìtànṣán á wà níwájú rìákítọ̀, gbogbo ohun tó kù sì gbọ́dọ̀ há sínú òjìji rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí rédíétọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi máa ń jẹ́ onígun mẹ́ta, tó tẹ́ẹ́rẹ́ níhà rìákítọ̀, tó ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ síwájú. Etí tó bá yọ síta lára òjìji yẹn á tú ìtànṣán padà sára àwọn èèyàn. Ó dára, ó wuyì, àmọ́ fún ìrìnàjò ọjọ́ mẹ́ta kò pọn dandan.

Nígbà tí a ti dárúkọ rédíétọ̀, ẹ wo èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe jù nínú irú àwòrán báyìí. Ọkọ̀ èèyàn mẹ́rin lè lo kìlówáàtì 30 iná. Sólà tó ń mú ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán oòrùn á fẹ̀ tó mítà onígun 75. Gbogbo iná yẹn á di ooru, ooru náà gbọ́dọ̀ jáde. Rédíétọ̀ tó wà ní 300 K, tó ń fi ojú méjèèjì tú ooru, á fẹ̀ tó 36: méjì tó jẹ́ mítà 3 lọ́nà 6, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ yà wọ́n kí sólà kọjú sí oòrùn, kí rédíétọ̀ fi etí kọ oòrùn. Ẹni tó bá yà wọ́n kí wọ́n kọjú sí ibì kan náà ti sọ rédíétọ̀ di ohun tó ń gba ooru dípò kó máa tú u. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ jìnnà sí iná ẹ́ńjìnnì.

Ayàwòrán_Ìsánlú

A ti tún un yà. Láti ìdí lọ sí orí: ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, táǹkì ọ́síjìn, táǹkì háídírójìn oní fàdákà, férémù òféèfèé, ilé èèyàn. Omi wà nínú táǹkì méjì, tọ́ọ̀nù 50 lọ́tùn-ún, 50 lósì, kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 4.6, wọ́n jìnnà sí àárín ọkọ̀ ní mítà 6. Òjìji rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, Akọni_Mọpà gan-an gbà. Nínú ìtàn náà, wọ́n á já táǹkì ọ̀tún sílẹ̀ ní ibùdó kìíní, wọ́n á wá tan ẹ́ńjìnnì láti gbé ti òsì lọ sí ibùdó kejì. Ṣé ó ṣe é ṣe?

Tírélà_Ọbájáná

Háà. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo! Wọ́n á dojú dé.

Ẹ̀rọ_Kàbà

Kò ní dojú dé, á máa pòòyì ni. Tí epo bá ti fẹ́ tán, tí táǹkì ọ̀tún ti lọ, ọkọ̀ ku tọ́ọ̀nù 111. Tọ́ọ̀nù 50 tó wà ní mítà 6 sápá òsì á fa àárín ìwúwo kúrò ní ojú ìlà rẹ̀ ní mítà 2.7. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní mítà 20 lẹ́yìn àárín ìwúwo, ó gbọ́dọ̀ yẹ ojú tó digíríì 7.7 kí títì rẹ̀ lè gba àárín ìwúwo kọjá. Tí ẹ́ńjìnnì yín kò bá lè yẹ̀ kọjá 4, ó ti tán. Ẹ̀rọ ìyídarí 400 N méjì kò lè dá 400 kN dúró.

Ẹ sọ táǹkì di mẹ́rin, tọ́ọ̀nù 25 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mítà 3.6 ni fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tò wọ́n yí férémù ká. Méjì tó dojú kọ ara wọn ni kí wọ́n já ní ibùdó kìíní, méjì yòókù ní ìkejì. Ẹ so páìpù pọ̀ mọ́ àwọn tó dojú kọra, kí omi wọn lè dọ́gba bí ọ̀kan bá ń jò. Òjìji rẹ̀ á tún dára sí i, torí táǹkì mẹ́rin ń sọ "ẹrù" ju méjì lọ. Kí ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn lára: 1 dojú kọ 1, 2 dojú kọ 2, kí lẹ́tà rẹ̀ ga tó mítà kan.

Aláṣọ_Ògìdì

Nọ́ńbà dúdú sórí òféèfèé, kì í ṣe funfun. Lábẹ́ oòrùn tó le báyẹn, funfun á tàn bo etí ara rẹ̀. Kí ẹ sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì táǹkì, torí ẹni tó máa tú u lè gba ìsàlẹ̀ wá.